Ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun: kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe n'Ífẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ílé-Ifẹ̀. Wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn tó máa bá ọkọ̀ ìwádìí lọ sójú òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì láti Èkó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bu omi láti oríṣiríṣi ibú. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi. Oṣù méjì ló kù. Kí ni kí n dì lẹ́rù, kí sì ni kí n kọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ìwé ni kí o kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa ń pẹ́ jù. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn olùwádìí inú ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí, kí o bi í irú àyẹ̀wò dókítà àti ẹ̀kọ́ ààbò lójú omi tí wọ́n ń béèrè. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Bí wọ́n bá máa yà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, pásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn.

Aṣọ ò le. Báàgì rírọ̀ kan tó, torí àpótí líle kì í ríbi wọ̀ nínú yàrá ọkọ̀. Mú súwẹ́tà, torí láàbù máa ń tutù. Mú bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí irin wà níwájú rẹ̀. Sálúbàtà ò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́.

Èébì ńkọ́? Etí inú ń sọ pé o ń mì, ojú tó ń wo ìgò nínú yàrá tí kò ní fèrèsé ń sọ pé nǹkan kan ò mì. Ọpọlọ ò mọ èyí tó máa gbà gbọ́, ikùn ló ń san gbèsè rẹ̀. Àwọn oògùn bíi promethazine àti cinnarizine wà ní kẹ́míìsì; jẹ́ kí apòògùn sọ iye tó yẹ ọ́. Méjèèjì ló lè kun èèyàn lóorun, nítorí náà lo ọ̀kan wò nílé lọ́jọ́ tí o ò ní iṣẹ́, kí o rí bó ṣe máa ṣe ọ́. Ẹni tó ń tòògbé kò yẹ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa wáyà. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí o lò ó, torí bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn náà á bá a jáde. Má fi ebi pa inú: bisikíìtì gbígbẹ àti ataalẹ̀ dára. Àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ni kì í mì púpọ̀.

Iṣẹ́ gan-an wá. Wọ́n máa ń to ìgò gígùn yí irin kan ká, tẹnu-tìdí wọn ló wà ní ṣíṣí bí wáyà ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Láti orí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń pa wọ́n dé ní ibú tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá ti gòkè, omi tí wọ́n máa fi wọn ọ́síjìn ni kí o kọ́kọ́ bù, torí bí ìgò náà bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti òkè. Ki rọ́bà tó ń gbé omi jáde láti inú ìgò gígùn náà dé ìsàlẹ̀ ìgò kékeré, jẹ́ kí omi kún, kó sì ṣàn dànù tó ìwọ̀n ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìfófòó kan ṣoṣo bá kù nínú rẹ̀, dà á nù, kí o tún un bù. Lẹ́yìn náà ni ti nitrate àti phosphate, àwọn èròjà tó ń bọ́ ewéko inú omi: fi omi kan náà ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, má sì bù ú kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, torí inú fìrísà ni wọ́n máa ń gbé e sí, bí omi bá sì di yìnyín, ó ń wú, á sì la ìgò. Omi tí wọ́n máa fi wọn iyọ̀ ló gbẹ̀yìn. Dé e pinpin, torí bí omi bá ń gbẹ níbẹ̀, iyọ̀ á máa pọ̀ sí i.

Kọ orúkọ sára gbogbo ìgò nígbà tí wọ́n ṣì gbẹ. Omi láti ibú mítà 1,000 kò ju nǹkan bíi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 5 lọ. Nínú ooru wa, ìgò rẹ̀ á làágùn, máàkà ò ní mú. Spírítì sì ń pa máàkà rẹ́. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé pẹ́ńsù lórí bébà tí omi kì í bàjẹ́ ni àwọn àgbà ń lò.

Iye ìgò ńkọ́? Bí ibi iṣẹ́, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ ti máa dúró kí ẹ bu omi, bá jẹ́ 15, tí ibú jẹ́ 8, tí o sì ń bù ú ní méjì-méjì, 240 nìyẹn. Fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e: 288. Kò sí ọjà lójú òkun. Rọ́bà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń so ẹrù, ra mẹ́wàá. Ohunkóhun tí o bá gbé sórí tábìlì láìso á bọ́ sílẹ̀.

Aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kọ, aago wa sì fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Aago 12:30 òru l'Ékòó, ọjọ́ àná ló ṣì jẹ́ nínú ìwé ọkọ̀. Ibi tó ń kó bá èèyàn jù ni ti ibi tí ọkọ̀ wà: bí ẹ̀rọ bá kọ 4°18.5′ (dígírì 4 àti ìṣẹ́jú 18.5), tí o tẹ 4.185 sí kọ̀ǹpútà, o ti gbé ibi iṣẹ́ kúrò ní nǹkan bíi kìlómítà 14, ó ń lọ sí ìdajì ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan, nítorí náà fi 60 pín 18.5, kí o tó fi í kún 4: 4.308 ni.

Gbogbo èyí, ìsédò Ọ̀pà tó wà n'Ífẹ̀ níbẹ̀ ni kí o ti dán an wò, kì í ṣe ojú òkun. Gba àṣẹ, má dá lọ, kí o wọ ẹ̀wù agbéniléfòó. Fa okùn tí o ti sàmì sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, wọ ibọ̀wọ́, bu omi, dé e, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, padà wá ṣe é ní alẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, torí wákàtí 12 ni iṣẹ́ lójú òkun sábà máa ń jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àárín òru ni wọ́n fún ọ.