"Ta wá ló dá Ọlọ́run?": ibi tí ìbéèrè yẹn ti bà àti ibi tí kò bà

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ẹnì kan ní, "Gbogbo nǹkan ló ní ẹni tó dá a, torí náà Ọlọ́run wà." Èkejì ní, "Ta wá ló dá Ọlọ́run?" Ṣé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn?

Tó bá jẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ti bùṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kòtò tó jìn sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Al-Ghazali, onímọ̀ Mùsùlùmí ará Páṣíà tó kú ní 1111, kò ní "gbogbo nǹkan". Ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ló sọ pé ó ní okùnfà. Orí "ìbẹ̀rẹ̀" yẹn ni gbogbo ẹrù wà. Bí Ọlọ́run kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀, "ta ló dá a" kò bà á.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, gbólóhùn kan sórí ìlà kan:

1. Ohunkóhun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ní okùnfà.
2. Àgbáálá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀.
3. Torí náà, àgbáálá ayé ní okùnfà.

Ẹni tó bá gba 1 tó sì gba 2 ti gba 3, ó fẹ́, ó kọ̀. Ẹni tó bá ń bá 3 jà láìfọwọ́ kan èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ìlà 2 ni ìjà gidi wà. Ẹ wo bí al-Ghazali ṣe gbè é lẹ́sẹ̀: Saturn, ọ̀kan lára àwọn plánẹ́ẹ̀tì, ń lo nǹkan bí ọdún 30 láti yípo lẹ́ẹ̀kan, oòrùn, bí wọ́n ṣe ń kà á nígbà náà, ń lo ọdún 1. Bí ayé kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀, iye ìyípo méjèèjì kò lópin. Síbẹ̀ ti oòrùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 30 ti Saturn. Báwo ni àìlópin ṣe máa fi ìlọ́po 30 ju àìlópin lọ? Èsì ti wà fún ìyẹn báyìí. Ìṣirò Georg Cantor, onímọ̀ ìṣirò kan ní ọ̀rúndún 19, fi hàn pé àìlópin lọ́nà 30 kò ju àìlópin náà lọ, kò sì tako ara rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni bóyá ohun tó ṣeé ṣe nínú ìṣirò ṣeé ṣe láyé tí à ń gbé. Ibẹ̀ ni William Lane Craig, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Amẹ́ríkà tó jí àríyànjiyàn yìí dìde ní 1979, ta kú sí pé kò ṣeé ṣe.

Ẹ má kàn sá lọ mú Big Bang wá, ìyẹn èrò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pé àgbáálá ayé ti ń fẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kún pọ̀ tó sì gbóná gan-an. Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó gbé irú èrò yẹn kalẹ̀ ní 1931, fúnra rẹ̀ ló sọ pé èrò náà kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ká tiẹ̀ ní 3 dúró. "Okùnfà" kọ́ ni Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá láìwẹ̀yìn. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1779 lẹ́yìn ikú rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ilé àti ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe bí ayé ṣe ní ẹni tó ṣe é pé: ṣebí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pawọ́ pọ̀ kọ́ ọkọ̀, kí ló dé tí ẹni tó ṣe ayé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan? Ìbéèrè yẹn lè dẹ́rù ba àwọn ará ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé Olódùmarè ló ń mí èémí sínú ènìyàn, pé Ọbàtálá ló ń mọ ara rẹ̀, kò ní ta gìrì.

Ẹ má sì da ti Thomas Aquinas, àlùfáà Kátólíìkì àti onímọ̀ ọgbọ́n orí ọ̀rúndún 13, mọ́ èyí. Òun gbà pé làákàyè nìkan kò lè fi hàn pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń gbé ayé ró báyìí ló ń wá, kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tirẹ̀ dà bí ọ̀pá tó ń ti òkúta: nísinsìnyí gan-an ni ọwọ́ ń ti ọ̀pá, bí ọwọ́ bá sinmi, gbogbo rẹ̀ dúró. Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ní èsì tó mú jù sí irú èyí, lórí rédíò BBC ní 1948: gbogbo ènìyàn ló ní ìyá, ìyẹn ò ní kí ìran ènìyàn lápapọ̀ ní ìyá. (Ti Anselm, bíṣọ́ọ̀bù ọ̀rúndún 11, pé èrò nípa Ọlọ́run nìkan ti tó ẹ̀rí, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ó ṣọ̀wọ́n kó yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà.)

Ní ti ẹni tó bá ní kò sí Ọlọ́run, ohun ìjà rẹ̀ tó mú jù ni ìyà inú ayé. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè èwo ló ń sọ. Ti J. L. Mackie, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Australia, ní 1955 ni pé Ọlọ́run alágbára gbogbo tó tún jẹ́ oníre pátápátá kò lè wà pẹ̀lú ibi rárá. Àṣejù wà níbẹ̀: Alvin Plantinga, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó jẹ́ Kristẹni, fi òmìnira ọmọ ènìyàn láti yan rere tàbí ibi dáhùn ní 1974, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó bọ́ sí i. Ti William Rowe, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Amẹ́ríkà, ní 1979 ló le. Òun kò ní Ọlọ́run àti ibi kò lè jọ wà rárá, ó ní ìyà tí kò ní ìdí ló mú kó ṣòro láti gbà pé Ọlọ́run wà. Ọmọ àgbọ̀nrín kan ló fi ṣe àpẹẹrẹ, tí iná igbó jó, tó ń jẹ̀rora fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kú, tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Òmìnira ta ni ìyẹn dáàbò bò?

Tó bá jẹ́ pé èdè Yorùbá lẹ ń fi jiyàn, ohun kan tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Bíbélì wa fi orúkọ Èṣù pe Sátánì, bẹ́ẹ̀ Èṣù inú Ifá kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. J. A. I. Bewaji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Nàìjíríà, kọ ọ́ ní 1998 pé ìṣòro ibi bí àwọn òyìnbó ṣe gbé e kalẹ̀ kò dìde fún Olódùmarè, torí àwọn àgbà wa kò sọ pé kò sí ọwọ́ rẹ̀ nínú ibi rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà 1, ẹ bi ẹni tí ẹ ń bá jiyàn: Ọlọ́run ta ni à ń sọ?