Ta Ni Ó Ń Kan Ilẹ̀kùn Nígbà Tí O Wà Lórí Ìkúnlẹ̀?

Arábìnrin tí ó kọ̀wé pé òun ń lépa ìwà mímọ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn òun gbẹ táútáú, mo ti ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o kọ. O béèrè bóyá kí o sọ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta rẹ di méje. O to gbogbo ohun tí o ti kọ̀ sílẹ̀, láti orí yẹtí dé orí orin ayé, o sì sọ aago tí o ń jí lóru. Èmi kò ní bá ọ ka ọjọ́ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí o sáré gbà kọjá ní àárín ojú ìwé kẹta ni mo dì mú.

O ní: “Àní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀tá tún fẹ́ da àdúrà mi rú, nítorí obìnrin tó ń bá wa fọ aṣọ wá kan ilẹ̀kùn nítorí owó oṣù méjì rẹ̀, mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé n kò sí nílé.” Lẹ́yìn náà ni o bá ọ̀rọ̀ àlá tí o lá lọ.

Padà síbẹ̀, jọ̀wọ́. Obìnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ tí o ń wọ̀ lọ sí ìsìn wá béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, o sì pè é ní ọ̀tá. Pásítọ̀ mẹ́rin ni o dárúkọ nínú lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n o kò dárúkọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé owó kò sí, nítorí ìwọ náà ni o kọ ọ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Bíbélì tuntun méjì.

Hébérù 12:14 ni o fà yọ lẹ́ẹ̀mẹta, pé láìsí ìwà mímọ́ kò sí ẹni tí yóò rí Olúwa. Ìdajì rẹ̀ ni o ń kọ ní gbogbo ìgbà, nítorí àlàáfíà pẹ̀lú ènìyàn gbogbo ni ẹsẹ náà kọ́kọ́ ní kí a lépa. Ṣí Léfítíkù orí 19, níbi tí Ọlọ́run ti sọ ní ẹsẹ 2 pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ mímọ́ nítorí pé mímọ́ ni òun, kí o sì kà á dé ìsàlẹ̀: kí a má ṣe kórè igun oko tán nítorí tálákà, kí a má ṣe parọ́ fún ara wa, kí òṣùwọ̀n wa má ṣe jẹ́ ti èké, àti ní ẹsẹ 13, kí owó ọ̀yà alágbàṣe má ṣe sùn lọ́dọ̀ wa di òwúrọ̀. Òru kan ṣoṣo, Òfin kò gbà á. Tìrẹ ti tó ọgọ́ta.

Inú ń bí mi, n kò ní purọ́, nítorí irú lẹ́tà yìí ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò lè bá arábìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ a máa béèrè àdúrà òru lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè rẹ gan-an wà nínú Aísáyà 58:3, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí àwọn fi gbààwẹ̀ tí kò sì rí i. Ó dá wọn lóhùn pé ní ọjọ́ ààwẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Jákọ́bù 5:4 sì sọ pé owó ọ̀yà tí a dá dúró ń ké. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ń ké lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìwọ nínú yàrá, òun lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń yà ọ́ lẹ́nu pé tìrẹ kò gòkè.

O sọ pé àwọn aládùúgbò ń ráhùn nípa ariwo àdúrà rẹ. Nítorí náà, obìnrin náà gbọ́ ohùn rẹ nígbà tí ọmọ rẹ ń sọ fún un pé o kò sí nílé. Ọmọ náà gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Gbé owó oṣù méjèèjì lọ fúnra rẹ. Má ṣe rán ẹnikẹ́ni, má sì ṣe súre lé e lórí bí ẹni pé ọrẹ ni. Nígbà tí o bá dé, pe ọmọ rẹ jókòó, kí o sọ fún un pé o wà nílé lọ́jọ́ náà.