Búrẹ́dì Mi Wú Tán, Ó Tún Rọlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Iléṣà ni mo ń gbé. Mi ò ní ófùn, inú ìkòkò lórí gáàsì ni mo ti ń yan búrẹ́dì. Fídíò kan lórí YouTube ni mò ń tẹ̀lé. Ẹni yẹn ní kí n fi fúláwà tí mo pò sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ó máa ń wú gan-an, àmọ́ bí mo bá ti gbé e sínú ìkòkò, á rọlẹ̀. Búrẹ́dì náà á wúwo, á máa rùn bí ọtí díẹ̀. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì nínú fíríìjì, ó ti le bíi pákó. Ṣé yíìsì ni àbí ọwọ́ mi ni kò dáa? Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wù mí kí n máa kọ̀wé nípa oúnjẹ bíi tiyín. Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé owó wà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi òórùn ọtí yẹn pamọ́. Òun ló tú àṣírí. Yíìsì yín ń ṣiṣẹ́, àní ó ti ṣiṣẹ́ jù. Wákàtí méjì yẹn ló ba búrẹ́dì jẹ́.

Ohun abẹ̀mí ni yíìsì tí Bíbélì wa ń pè ní ìwúkàrà. Ó ń jẹ ṣúgà inú fúláwà, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà ló ń ti ìyẹ̀fun sókè. Bí ara ilé bá gbóná, á máa jẹun bí ẹni tí ebi pa dé láti oko. Bí òtútù bá mú, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú fídíò bẹ́ẹ̀, ìlú olótùútù ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí ilé ìdáná kò ti ju 20 dígírì lọ. Ní Ifẹ̀ níbí, nínú oṣù Kẹta, tẹmómítà tí mo so mọ́ ògiri ilé ìdáná mi máa ń fi 32 hàn lọ́sàn-án. Fúláwà tí mo bá pò nígbà náà, ìṣẹ́jú 50 ti pọ̀ tó fún un láti di méjì ara rẹ̀. Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì! Ohun tó ń fà bíi rọ́bà nínú fúláwà, èyí tí wọ́n ń pè ní gluten, á ti fẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, bíi bàlúùnù tí ọmọdé fẹ́ jù. Ìgbà tí ẹ bá gbé e báyìí, tí ìkòkò mì díẹ̀, ó parí.

Òórùn ọtí yẹn kì í ṣe àfiwé o, ọtí gidi ni. Ìbátan yíìsì tó wà nínú búrẹ́dì yín ni wọ́n fi ń pọn bíà ní ilé ọtí ńlá tó wà ní Iléṣà yín níbẹ̀. Irú yíìsì búrẹ́dì gan-an wà nínú ẹmu, òun ló ń sọ ṣúgà inú ẹmu aláàárọ̀ tó dùn bí oyin di ọtí kó tó di alẹ́. Kódà, a lè fi ẹmu wú búrẹ́dì. Mo ti dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹmu tútù ni mo fi rọ́pò omi, mi ò fi yíìsì kankan sí i. Kì í yára, ó tó wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò láfiwé.

Ta ló ń fi aago ṣọ́ ògì? Ìyá tó bá rẹ àgbàdo, imú àti ọwọ́ ló fi ń mọ̀ pé ó tó lọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa ṣe sí búrẹ́dì. Ẹ ti ìka ìlábẹ̀ bọ fúláwà gbígbẹ, kí ẹ fi tẹ ìyẹ̀fun tó ń wú náà wọlé díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá yára kún padà, kò tíì tó. Bó bá rọra ń padà bọ̀ tí kò kún tán, ó ti tó, ẹ gbé e lọ síná. Bí ihò náà bá dúró síbẹ̀ tó ń wò yín, ó ti kọjá. Ẹ má tíì dà á nù. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, ẹ dá a padà sínú agolo tí ẹ fi ń yan án, kí ẹ wá máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò láti bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Mo ti fi ọ̀nà yìí yọ búrẹ́dì tó pọ̀ nínú ewu.

Ìwọ̀n tí mò ń lò nìyí: fúláwà 500 gíráàmù, omi 300, ṣúgà 40, bọ́tà 40, iyọ̀ 8, yíìsì 5. Nígbà ọyẹ́, fúláwà máa ń gbẹ, ẹ lè fi omi ṣíbí kan tàbí méjì kún un, kí ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó kí ojú rẹ̀ má baà le. Ẹ dákun, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré. Ife fúláwà kan lè jẹ́ 120 gíráàmù lọ́wọ́ èmi, kó jẹ́ 150 lọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹ kì í mọ̀ bí ẹ ṣe ń kì í mọ́lẹ̀. Yíìsì tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Bí kò bá hó láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ wá òmíràn. Omi náà ò gbọdọ̀ gbóná ju ohun tí ọwọ́ gbà lọ, torí bó bá ti tó 60 dígírì, yíìsì á kú.

Ní ti ìkòkò, èyí tó nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tí ẹ ti fọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó nípọn bí ìka méjì, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbé agolo búrẹ́dì sórí iyanrìn náà. Iná kékeré, bí ìṣẹ́jú 40. Ẹ má ṣí i kó tó tó 30, mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn. Kò ní pupa lórí bíi ti ilé búrẹ́dì àyàfi tí ẹ bá kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ti jó mi lọ́wọ́ rí. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ kan ìdí rẹ̀: tó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti jinná. Ẹ má sì fi giga rẹ̀ wé ti ọjà. Àwọn kan máa ń da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní potassium bromate sí i kó lè ga, NAFDAC sì ti fòfin dè é.

Fíríìjì ló ń sọ búrẹ́dì yín di pákó. Ẹ ò rí bí ẹ̀kọ ṣe máa ń dì tó bá tutù? Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí búrẹ́dì, inú fíríìjì ló sì ti ń yára jù. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ fi sórí tábìlì. Bó bá máa ju ọjọ́ méjì lọ, inú ibi tó ń sọ omi di yìnyín ni kí ẹ gbé e sí.

Ó ku ti ìwé kíkọ. Títẹ̀wé ni mò ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, lórí búrẹ́dì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gbágùúdá lú. Gíráàmù, ìṣẹ́jú, ìwọ̀n ooru, gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Ẹnu yà mí. Ìyá mi mọ oúnjẹ sè ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, síbẹ̀ kò sí ìlà kan ṣoṣo tó kọ sílẹ̀. Mo délé, mo fi gbágùúdá ṣe ìdajì fúláwà mi. Láfún ni mo yan lọ́jọ́ yẹn! Gbágùúdá ò ní gluten, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni mo wá ń lò báyìí. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú ewé 60 ní Sábó, mo kọ ìjákulẹ̀ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Àbàwọ́n bọ́tà ṣì wà lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo búrẹ́dì tí ẹ bá yan, ẹ kọ ọ́: ọjọ́, ojú ọjọ́, ìwọ̀n, ohun tó bàjẹ́. Kí ẹ tó fún ará ìta ní ìlànà kankan, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wá fún aládùúgbò kan tí kò sí níbẹ̀ kó fi ìkòkò tirẹ̀ ṣe é. Aládùúgbò mi ní Mòdákẹ́kẹ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé “iná kékeré” tèmi, iná ńlá ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Owó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá. Ìwé ìròyìn kan gbé iṣẹ́ mi mẹ́ta jáde, di òní mi ò rí kọ́bọ̀ gbà. Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Búrẹ́dì tí àwọn èèyàn ń ní kí n bá wọn yan ní ọjọ́ Sátidé àti ẹ̀kọ́ yíyan tí mò ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ló ń san owó ilé mi. Ìwé kíkọ kò tíì tó ìdajì ohun tó ń wọlé fún mi.

Èyí tó ti le nínú fíríìjì yẹn, ẹ má jù ú. Ẹ fi omi wọ́n ọn, ẹ dá a padà sínú ìkòkò iyanrìn náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á rọ̀. Ẹ tètè jẹ ẹ́ kó tó tutù. Ẹ̀wà tó kù lánàá á bá a lọ.