Ọjọ́ Sátidé Nìkan Ni Iná Wà: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Kó 20 Pọ́ìntì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Forza Horizon 5, géèmù ìdíje ọkọ̀, ni mò ń gbá. Ní àdúgbò wa ní Òṣogbo, iná kì í dúró àfi lópin ọ̀sẹ̀, dátà náà sì wọ́n. Ìgbà òtútù ti dé nínú géèmù, mo wá yìnyín títí, n kò rí i. Ohun tó tún ń dùn mí ni pé mi ò rí 20 pọ́ìntì tí wọ́n fi ń gba ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ kó rí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo dé 9 lẹ́ẹ̀kan, mo dé 13, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. The Trial, ìdíje tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ń bá kọ̀ǹpútà ṣe, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe, torí òun ni pọ́ìntì rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìnyín. Forza Horizon 4, tó jáde ní 2018, ló wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Níbẹ̀, bí ìgbà òtútù bá ti dé, adágún omi Derwentwater á dì gbagidi, wàá sì máa wa ọkọ̀ lórí omi. Mẹ́síkò ni ìkarùn-ún tí ò ń gbá yìí wà. Ohun tí wọ́n pè ní winter níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Tí o bá fẹ́ fojú kan yìnyín, gun òkè oníná tí wọ́n ń pè ní La Gran Caldera dé ṣóńṣó. Nítorí náà, má ṣe torí orúkọ ìgbà pààrọ̀ táyà. Wo ilẹ̀ tí eré náà máa gbà: bó bá jẹ́ títì ọ̀dà, lo táyà títì, bó bá jẹ́ eruku, lo táyà rally.

Ó wá ku pọ́ìntì. The Trial ń san 10 lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò nílò rẹ̀ láti dé 20. Gbé bírò kí o bá mi ṣírò. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ní orí (chapter) mẹ́rin yẹn, 5. Ìdíje eléré mẹ́ta-mẹ́ta, 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá borí nínú méjì, 10. Speed Trap (kámẹ́rà tó ń wọn bí o ṣe sáré tó), Danger Sign (ibi tí o ti máa fi ọkọ̀ fò jìnnà) àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣe mẹ́ta, 6 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ 21. N kò tíì ka iṣẹ́ ojúmọ́ tó ń san ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, n kò sì tíì fi The Trial kún un. Ẹni tí Sátidé nìkan wà fún lè ṣe gbogbo èyí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní aago tiwa, ni ọ̀sẹ̀ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ kan páàdì títí n ó fi ka gbogbo Festival Playlist, àkójọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, tán. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé: ọkọ̀ wo ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ń béèrè, irú ọkọ̀ wo ni ìdíje kọ̀ọ̀kan gbà, àwọn iṣẹ́ wo ló jọra. Bí iṣẹ́ ojúmọ́ kan bá ní kí o fò ní Danger Sign, tí Danger Sign sì wà lára iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, kí ló dé tí wàá fi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ̀sọ̀ ni kí o fi ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Ká ní Volkswagen Beetle ni wọ́n ní kí o lò, ọkọ̀ ìjàpá tí àwọn bàbá wa ń wà. Orí kìíní ní kí o ní in kí o sì wà á. Títí tí o fi ṣe ìyẹn tán, orí kejì kò tíì ṣí, ohun tí o bá sì ṣe ṣáájú kò ní í kà. Mo ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan borí eré méjì tí orí kẹta béèrè nígbà tí mo ṣì wà ní orí kejì. Òfo ni wọ́n kọ fún mi, ó sì dùn mí wọra. Bí orí kan bá ní kí o borí nínú eré títì, mú èyí tó kúrú jù lọ nínú àwòrán ilẹ̀. Má sún mọ́ Goliath, eré tó gùn jù lọ nínú géèmù náà. Sọ agbára àwọn awakọ̀ kọ̀ǹpútà di èyí tó rọrùn jù, torí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kò béèrè pé kí wọ́n le.

Ìdíje ló béèrè ìyẹn. Agbára àwọn awakọ̀ kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ rọrùn ju ipele Highly Skilled lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní í san pọ́ìntì. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o gba ipò kìíní nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpapọ̀ ni wọ́n ń wò. Má fi ara rẹ ṣe mẹkáníìkì lóru: wá àtúntò (tune) tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà. Kí o sì rí i pé nọ́ńbà tó ń fi agbára ọkọ̀ náà hàn bá a mu. Bí wọ́n bá ní A 800, 801 kò wọlé.

Ní ti The Trial, ènìyàn mẹ́fà ló ń bá kọ̀ǹpútà díje níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá borí nínú eré méjì nínú mẹ́ta ló gbà á. Kì í ṣe ìwọ nìkan lo máa borí, nítorí náà má ṣe gbá àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ. Gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn tí 21 bá ti wà lápò, lóru tí network bá dúró.

Tí iná bá ń ṣẹ́jú, má bẹ̀rẹ̀ ìdíje eléré mẹ́ta. Speed Trap àti Danger Sign ni kí o máa ṣe, torí ẹyọ kan, ẹyọ kan ni wọ́n ń kọ wọ́n sílẹ̀. Bí o bá fò tí kò tó, dá eré padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀ kí o tún un fò. Àfikún tuntun (update) tí wọ́n ń fi kún géèmù náà ló ń jẹ dátà jù, kì í ṣe eré fúnra rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí o fà á sílẹ̀ tí dátà òru bá wà lórí laìnì rẹ, kí ó má bàa bá ọ ní àárọ̀ Sátidé.