'Lose' àti 'loose', 'stationery' àti 'stationary': kí ló yà wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 máa ń ṣi 'lose' àti 'loose' lò, bẹ́ẹ̀ náà ni 'advice' àti 'advise', 'stationery' àti 'stationary'. Báwo ni kí n ṣe là á yé e?

Ìdáhùn: Àìsàn àwọn ọ̀rọ̀ yìí ò dọ́gba, ẹ má fi oògùn kan ṣoṣo wò wọ́n.

Etí àwa Yorùbá ló fa méjì àkọ́kọ́. Èdè wa ò ní ìró z. Òun ló jẹ́ kí Zainab di Sàínábù, kí zakat sì di sàká. Z ni Òyìnbó ń pe s inú 'lose' àti 'advise', àwa ń pè é ní s, ni ọ̀rọ̀ méjì bá di ọ̀kan. 'Price' àti 'prize' náà ńkọ́? Ọ̀kan náà ni. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka kan ọ̀fun, kó fa ssss, ọ̀fun ò ní mì. Kó wá fa zzzz, á máa gbọ̀n lábẹ́ ìka. Bó bá gbọ̀n, 'lose' ni, kéèyàn sọ nǹkan nù. Bí kò bá gbọ̀n, 'loose' ni, bíi ṣòkòtò tó ń bọ́ nídìí. 'Advice' ni ìmọ̀ràn, 'advise' tó ń gbọ̀n ni kéèyàn gbani nímọ̀ràn. Àmọ́ ẹ má fi èyí wo 'practice' àti 'practise' o, bákan náà ni wọ́n ń pè wọ́n.

'Stationery' ló dùn ún sọ. Òyìnbó pàápàá ò lè fi etí yà á sí 'stationary', ohun tó dúró sójú kan. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ 'Stationary Store' sí ní Ṣómólú, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, ìsọ̀ tí kò ṣí kúrò nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kiri ọjà, òǹtàwé tó ní ìsọ̀ lójú kan ni wọ́n ń pè ní 'stationer'. Lọ́dún 1403 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ààfin sì fún un níwèé àṣẹ lọ́dún 1557. Ọjà wọn, pépà àti gègé, ló di 'stationery'.

Ojú nìkan ló lè gba ọmọ yín níbí: er ló parí 'paper', kó fi er kọ 'stationery'. Èyí tó kù, a ló ni ín.