Ìbò dídì àti ìrẹsì olóṣèlú: èwo ló hàràámù?

Ìbéèrè: Àáfà, ọ̀dọ́ kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Nyanya, l'Abuja, ń sọ pé ẹni tó bá dìbò ti wá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́hun, torí Àlùkùránì ní ti Ọlọ́hun nìkan ni ìdájọ́. Àwọn kan ti fẹ́ fa káàdì ìdìbò wọn ya. Ẹgbẹ́ asálátù wa náà gba ìrẹsì lọ́wọ́ olóṣèlú kan, wọ́n sì fi Àlùkùránì búra pé òun làwọn máa dìbò fún. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Òdodo ni ẹsẹ tí ọ̀dọ́ náà kà, Súrátù Yúsúfù ẹsẹ 40 ni. Kó kà á síwájú. Ní ẹsẹ 55, Ànábì Yúsúfù fúnra rẹ̀ ló ní kí ọba Íjíbítì fi òun ṣe olórí àká ilẹ̀ náà, torí ìyàn ọdún méje tó ń bọ̀. Ẹsẹ 76 sì jẹ́ ká mọ̀ pé òfin ọba ni wọ́n ń lò nílùú náà, kì í ṣe ti Yúsúfù. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ dúró lé tí wọ́n fi gbà pé Mùsùlùmí lè dìbò kó lè dín aburú kù. Àwọn onímọ̀ kan takété sí i, a ò bá wọn jà. Àmọ́ títakété yàtọ̀ sí pípe ẹni tó dìbò ní kèfèrí.

Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Lẹ́yìn ogun Siffin ní 657, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn Kháwáríjì, ìyẹn àwọn tó yapa kúrò lẹ́yìn Kàlífà Alí, fi pe Alí ní kèfèrí, torí pé ó gbà kí èèyàn méjì parí ìjà òun àti Muáwíyà. Alí ní òdodo ni ọ̀rọ̀ náà, irọ́ ni wọ́n fẹ́ fi gbé lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló pa á ní 661. Gbogbo wa la sì mọ ibi tí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ já sí ní Maiduguri ní 2009, nígbà rògbòdìyàn Boko Haram. Kí ìmáàmù pe ọmọ náà síkọ̀kọ̀, kí wọ́n jọ ka súrà náà tán. Kó má fi í gún wáàsí Jímọ́ọ̀ o. Ìtìjú ló máa ń lé irú wọn bá ẹni tí yóò bà wọ́n jẹ́ pátápátá.

Ní ti ẹni tí ẹ máa yàn, Súrátù Kásásì ẹsẹ 26 sọ pé kó lágbára iṣẹ́, kó sì ṣeé fọkàn tán. Ibn Taymiyyah, onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú ní 1328, ní bí méjèèjì ò bá pé sára ẹnì kan, iṣẹ́ náà ni kí ẹ wò: alágbára ló ni ogun, olóòótọ́ ló ni àpò owó. Abuja kì í yan gómìnà. Alága àti káńsílọ̀ lẹ fẹ́ yàn, owó ìlú ló sì máa wà lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ inú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ìrẹsì yẹn ló hàràámù. Ànábì gégùn-ún fún ẹni tó fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó gbà á. Ẹnì kan tí Ànábì rán lọ gba sàká dé, ó ní, "Tiyín rèé, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ànábì bi í pé bó bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà á wá bá a níbẹ̀? Ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí ìbò, ṣé ìrẹsì yẹn á dé? Ẹ dá a padà. Bí kò bá ṣeé dá padà, ẹ fún tálákà, ẹ má sì kà á sí sàárà tiyín.

Ìbúra náà kò de yín láti yan ẹni tí kò yẹ. Ẹ yan ẹni tó sàn jù, kí olúkúlùkù tó búra san ìtánràn rẹ̀: kó bọ́ tálákà 10 tàbí kó wọ̀ wọ́n láṣọ, bí kò bá ní, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 3 (Súrátù Máídà, ẹsẹ 89). Mudd oúnjẹ kan tó fún tálákà kan. Ìkúnwọ́ méjèèjì àgbàlagbà ni mudd yìí, kì í ṣe múdù tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà.