Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà láti gé àpótí kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé. Mo fẹ́ gé ihò fáànù 120 mm sí òkè àpótí kọ̀ǹpútà mi, kí n sì gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè máa hàn síta. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe wẹ́dà ní Sábó ní kí n ra gíráńdà, pé òun nìkan ti tó. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Mo mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ yín fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí gíráńdà ni ọwọ́ wẹ́dà máa ń kọ́kọ́ lọ sí, irin géètì tí wọ́n sì ń gé lójoojúmọ́ nípọn ju ti àpótí kọ̀ǹpútà lọ dáadáa. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe àpótí kọ̀ǹpútà kì í sábà nípọn ju mìlímítà kan lọ, òmíràn kò sì ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Bí díìsìkì gíráńdà bá ti kàn án, ooru rẹ̀ á jó ọ̀dà ara rẹ̀, irin náà á sì kákò. Yàtọ̀ sí èyí, ìlà gbọọrọ ni gíráńdà mọ̀ ọ́n gé, ihò fáànù sì rí roboto. Ẹ jẹ́ kí gíráńdà dúró ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí ni irinṣẹ́ ìwọ̀n, irinṣẹ́ tí a fi ń sàmì, àti fáìlì. Owó wọn kò pọ̀ rárá, àmọ́ àwọn gan-an ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ mọ́. Ẹ ra rúlà onírin, kọ́ńpáàsì, téèpù oníbébà tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń lò, àti pọ́ǹṣì kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Ẹ lẹ téèpù náà bo gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ gé kí ẹ tó fa ìlà sórí rẹ̀, nítorí pé ìlà pẹ́ńsùlù á hàn lórí rẹ̀ kedere, irinṣẹ́ kò sì ní ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀. Fáànù 120 mm ní ihò bóòtù mẹ́rin. Láti àárín ọ̀kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́ kan náà jẹ́ 105 mm. Ihò ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju nǹkan bí 114 mm lọ, kí irin tó kù lè gba bóòtù dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé pọ́ǹṣì lé àárín ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹnu bíìtì, ìyẹn irin ẹnu dírììlì tó ń lu ihò, lè rí ibi jókòó sí.

Dírììlì ló kàn. Ẹni bá ti fi bíìtì lásán lu irin tẹ́ẹ́rẹ́ rí á mọ̀ pé bí ẹnu bíìtì bá ti ń yọ lódì kejì, ó máa ń há, ó máa ń fa irin náà sókè lójijì, ihò tó yẹ kó rí roboto á sì di onígun mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn ra bíìtì tó rí bí òkòtó, tó ń fẹ̀ ní ìpele ìpele láti ẹnu dé ìdí. Bíìtì yìí kan ṣoṣo á lu oríṣiríṣi ìwọ̀n ihò, ihò náà á sì mọ́ roboto. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, torí pé dírììlì lè wé e pọ̀ mọ́ ìka. Ìgbà tí ẹ bá ń gbé irin tí ẹ ti gé ni ìbọ̀wọ́ wúlò. Ní ti awò tó ń dáàbò bo ojú, ẹ má ṣe bọ́ ọ rárá.

Láti gé ihò ńlá àti fèrèsé, jigsaw ni mo fara mọ́, ìyẹn ayùn oníná tí abẹ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń lọ sókè sódò. Eyín abẹ rẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó: kí ó tó 24 ó kéré tán nínú íǹṣì kan, èyí tó bá tó 32 sì dára jù fún irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Abẹ tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, irú èyí tí káfíńtà fi ń gé pákó, á máa kọ́ irin náà, á máa mì ín jìgìjìgì títí tí yóò fi tẹ̀. Ẹ fi plywood tẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀ irin, kí ẹ fi kíláǹpù méjì dì wọ́n pa pọ̀, kí ẹ tún ìlà yín fà sórí plywood òkè, kí ẹ sì gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró sí inú ìlà ní nǹkan bí mìlímítà kan, kí ẹ wá fi fáìlì tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kolobo lọ ìyókù dé ojú ìlà. Bí ẹ bá ń ti fáìlì síwájú ló ń jẹ irin. Bí ẹ bá ń fà á padà, ẹ gbé e sókè díẹ̀.

Ayùn oníhò wà tó máa ń gé roboto lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n gé. Bó bá jẹ́ ihò fáànù kan péré ni ẹ fẹ́, ẹ yá a.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Irinṣẹ́ tó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ ti iná 120 V, tiwa sì jẹ́ 230 V. Bí ẹ bá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, yóò jó. Ẹ wo iye wáàtì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù ilé lè má gbé mọ́tò tó ń jẹ iná púpọ̀.

Fún fèrèsé, ike tó mọ́ gaara tó nípọn tó 3 mm á ṣe é. Ẹ má ṣe ṣí bébà ojú rẹ̀ kúrò títí tí iṣẹ́ á fi parí, ẹ má sì fi spirit nù ún, torí pé ó máa ń jẹ́ kí irú ike yìí sán wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ dígí líle ló wà ní ẹ̀gbẹ́ àpótí yín tẹ́lẹ̀, kò ṣeé gé, kò sì ṣeé lu. Ńṣe ni yóò fọ́ yángá.

Ẹnu ibi tí ẹ gé kò ní ọ̀dà mọ́, atẹ́gùn ọ̀sà tó ń fẹ́ sí wa ní Ìkòròdú sì kún fún ọ̀rinrin. Ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà dípẹtà, kí ẹ tó fi rọ́bà bò ó.

Kí ẹ tó fi abẹ kan irin rárá, ẹ tú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà síta, àti motherboard, ìyẹn pátákó ńlá tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù so mọ́, àti okùn iná. Bí ẹ bá parí, ẹ fi nylon wé òòfà, kí ẹ fi gbá gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kiri, nítorí fọ́nrán irin kan tó bọ́ sórí motherboard tó láti so ọ̀nà iná tí kò yẹ kó kan ara wọn pọ̀.